Ìdìbò onípò: bí ẹ ṣe máa to orúkọ, bí wọ́n ṣe ń kà á, àti ibi tó ti máa ń dojú rú

Nínú ìdìbò onípò, ìwé ìdìbò kan ṣoṣo ni olùdìbò ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń dìbò. Ṣùgbọ́n kì í tẹ̀ka sí orúkọ ẹnì kan kó sì máa lọ sílé. Ńṣe ló máa to àwọn olùdíje tẹ̀ léra: ẹni tó fẹ́ jù lọ sí ipò kìíní, ẹni tó máa gbà bí ti àkọ́kọ́ kò bá bọ́ sí i sí ipò kejì, ó di ìkẹta, ìkẹrin. Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìwé yìí ló ń jẹ́ kí èèyàn dárúkọ òòbẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n má baà tún pe gbogbo ìlú jáde fún àtúndì ìbò. Ranked choice voting ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ní Ireland àti Australia, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń lo oríṣi rẹ̀.

Ìdìbò sípò ààrẹ Ireland lọ́dún 1990 fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn kedere. Olùdíje mẹ́ta ló jáde. Nígbà tí wọ́n ka ipò kìíní, Brian Lenihan ní ìbò 694,484, Mary Robinson ní 612,265, Austin Currie sì ní 267,902. Kò sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ nínú wọn. Wọ́n yọ Currie tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ìwé rẹ̀ láti wo ẹni tí olùdìbò kọ̀ọ̀kan fi sí ipò kejì. 205,565 nínú wọn lọ sọ́dọ̀ Robinson, 36,789 lọ sọ́dọ̀ Lenihan, 25,548 kò sì ní orúkọ míì lórí. Àròpọ̀ rẹ̀ gbé Robinson dé 817,830, Lenihan sì dúró sí 731,273. Robinson di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ níbẹ̀. Ká ní ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù lọ ló ń wọlé, Lenihan ì bá wọlé pẹ̀lú ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò fún Currie ló fẹ́ Robinson jù ú lọ.

Bí ẹ ṣe máa kọ ìwé náà

Oríṣi ìwé méjì ló wọ́pọ̀. Ní Ireland, ní Northern Ireland, àti nínú ìdìbò káńsù ní Scotland, àpótí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ni ẹ ó kọ sínú rẹ̀: 1, 2, 3. Ní ìlú New York àti ní ìpínlẹ̀ Maine àti Alaska ní Amẹ́ríkà, orúkọ àwọn olùdíje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta wà lókè, róbótó kékeré sì wà níbi tí orúkọ àti ipò ti pàdé. Róbótó yẹn ni ẹ ó kùn dúdú. Orúkọ kan kò gbọ́dọ̀ ní ju róbótó kan lọ, ipò kan kò sì gbọ́dọ̀ ní ju róbótó kan lọ. Ní New York, ipò rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, bí olùdíje tilẹ̀ lé ní mẹ́wàá.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí èèyàn fi ẹni méjì sí ipò kan náà. Bí ẹ bá fi méjì sí ipò kejì ní New York, ipò kìíní yín ṣì dúró, àmọ́ láti ipò kejì lọ sísàlẹ̀, wọn ò ní ka nǹkan kan mọ́, torí kò sí bí wọ́n ṣe máa mọ èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ fẹ́. Kíkùn róbótó ẹnì kan náà ní gbogbo ipò márààrún kò fún un ní ìbò márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa kà á, tí wọ́n bá sì ti yọ ẹni yẹn kúrò, ìwé yín ti tán nìyẹn. Fífo ipò kan kì í ba ìwé jẹ́ ní Maine àti Alaska: bí ẹ bá kọ ìkíní, tí ẹ fo ìkejì, tí ẹ kọ ìkẹta, wọ́n á gbé ìkẹta gòkè. Bí ẹ bá fo méjì tó tẹ̀ léra, ìwé náà ò ní lọ ju ibẹ̀ lọ. Ní Australia, nínú ìdìbò ilé aṣòfin kékeré ìjọba àpapọ̀, dandan ni kí èèyàn kọ nọ́ńbà sí gbogbo orúkọ. Ẹni tó kọ 1 nìkan kò tíì dìbò. Níbikíbi, bí ọwọ́ yín bá ṣì nínú ibùdó ìdìbò, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì kọ òmíràn lé e. Ẹ dá ìwé náà padà fún òṣìṣẹ́ kó fún yín ní tuntun.

Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ rí i dájú pé irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ará wa ní London ṣì rántí ìwé ìdìbò méyọ̀ tó ní ìlà méjì, ọ̀kan fún ẹni àkọ́kọ́, ọ̀kan fún ẹnì kejì. Òfin ọdún 2022 ti mú ìyẹn kúrò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, àmì X kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi sí ìwé méyọ̀ níbẹ̀. Ní New York, ìdìbò abẹ́lé àti ìdìbò àfirọ́pò sí àwọn ipò ìlú náà nìkan ni wọ́n ti ń to orúkọ, bíi méyọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú àti olórí àdúgbò ńlá kọ̀ọ̀kan. Ti oṣù kọkànlá kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kò lè dá sí ìdìbò abẹ́lé níbẹ̀. Ní Ireland, ẹ̀tọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tíì lò: ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 18 tó ń gbé ibẹ̀, tó sì ti forúkọ sílẹ̀, lè dìbò káńsù, ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè yòówù kó ní lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn lọ́kàn rú jù ni bóyá ẹnì kejì tí wọ́n kọ kò ní ṣàkóbá fún ẹni àkọ́kọ́. Níbi tí àyè kan ṣoṣo bá wà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní wo ipò kejì yín àyàfi tí wọ́n bá ti yọ ẹni àkọ́kọ́ yín kúrò. Nítorí náà, ẹ kọ ẹni tí ọkàn yín fẹ́ gan-an sí ipò kìíní, kódà bí àwọn aládùúgbò bá ń sọ pé kò lè wọlé. Ibi tó gba ọgbọ́n ni ìsàlẹ̀. Ẹ wo àwọn méjì tí ó jọ pé ìjà máa kù sí láàárín wọn, kí ẹ sì rí i pé ẹni tó sàn díẹ̀ nínú wọn wà níbì kan lórí ìwé yín, bó tiẹ̀ jẹ́ ipò tó kẹ́yìn. Tí ẹ bá kọ mẹ́ta tí wọ́n yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ò ní sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pinnu.

Kíkà á lọ́wọ́

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìgbìmọ̀ ìjọ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè fi ọwọ́ ka ìdìbò yìí ní wákàtí kan. Ohun tí ẹ nílò ni tábìlì gbọọrọ, páálí kan fún olùdíje kọ̀ọ̀kan, páálí kan fún ìwé tó tán, èèyàn méjì tó ń kà, ẹnì kan tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ sójú pátákó, àti aṣojú olùdíje kọ̀ọ̀kan.

Ká ní 60 èèyàn dìbò láti yan ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìwé tí kò ní ipò kìíní tó yéni sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pín gbogbo ìwé sínú páálí gẹ́gẹ́ bí ipò kìíní wọn. Ó jáde báyìí: Adé 24, Bísí 17, Káyọ̀dé 13, Dúpẹ́ 6. Ìdajì 60 jẹ́ 30, nítorí náà 31 lẹni tó máa wọlé nílò. Kò sí ẹni tó ní i.

Ẹ yọ Dúpẹ́. Ẹ mú ìwé 6 inú páálí rẹ̀, kí ẹ wo ipò kejì lórí wọn. 4 lọ sí ti Káyọ̀dé, 1 lọ sí ti Bísí, 1 kò ní orúkọ míì, ó sì bọ́ sínú páálí ìwé tó tán. Ó ku 59: Adé 24, Bísí 18, Káyọ̀dé 17. Ẹni tó máa wọlé nílò 30. Kò sí i síbẹ̀.

Káyọ̀dé ló kàn. Ibi tí àwọn tó ń kà ti máa ń ṣìnà gan-an nìyí. Ìwé 17 tó wà nínú páálí Káyọ̀dé kì í ṣe oríṣi kan. 13 jẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ipò kejì ni ẹ ó wò lórí wọn. 4 wá láti ọ̀dọ̀ Dúpẹ́, ipò kẹta ni ẹ ó wò lórí ìyẹn. Tí ẹ bá sì bá orúkọ Dúpẹ́ ní ipò kejì lórí ìwé kan nínú 13 yẹn, ẹ má gbé e sí páálí ìwé tó tán. Dúpẹ́ ti lọ, ẹ fò ó, kí ẹ wo ipò kẹta. Ìlànà tí kì í yẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń kà máa ka orúkọ láti òkè, kó sì dúró lórí orúkọ àkọ́kọ́ tó ṣì wà nínú ìdíje. Níbí, 12 lọ sọ́dọ̀ Bísí, 3 lọ sọ́dọ̀ Adé, 2 tán. Bísí ní 30, Adé ní 27. Bísí ló wọlé.

Lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ro gbogbo páálí pọ̀ mọ́ ti ìwé tó tán. Bí kò bá pé 60, ẹ dúró kí ẹ wá èyí tó sọnù kí ẹ tó yọ ẹlòmíràn. 30 àti 27 àti 3 jẹ́ 60, ó pé.

Ẹ tún wo nǹkan kan níbẹ̀. Bísí wọlé pẹ̀lú 30 nínú 57 tó kù, èyí sì ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n nínú 60 tó dìbò, ìdajì géérégé ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìlànà yìí máa ń mú ẹni tí ó ju ìdajì gbogbo olùdìbò fẹ́ jáde ní gbogbo ìgbà ti sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ju ìdajì ìwé tó ṣì ní orúkọ lórí nígbà ìkẹyìn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òfin ẹgbẹ́ yín bá béèrè ju ìdajì gbogbo àwọn tó dìbò, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ọjọ́ ìdìbò.

Ohun mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ṣáájú ni ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹni méjì tó wà nísàlẹ̀ bá ní iye kan náà. Àwọn kan máa ń wo ìpele tó ṣáájú, kí wọ́n yọ ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré nígbà náà. Àwọn mìíràn máa ń ṣẹ́ kèké. Méjèèjì dára, bí kò bá ti jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n ti rí orúkọ lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí èyí tí ẹ máa lò. Ẹ sì lè yọ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí àròpọ̀ ìbò wọn kò bá tó ti ẹni tó wà lókè wọn, torí kò sí èyí tó lè lé e bá nínú wọn.

Bí àyè bá ju ẹyọ kan lọ

Ní Ireland, agbègbè kan lè yan aṣojú mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, ẹ kò nílò ìdajì. Ẹ ó pín iye ìbò tó dára sí iye àyè tí ẹ fi 1 kún, ẹ ó gbójú fo ìdá tó bá ṣẹ́ kù, ẹ ó sì fi 1 kún èsì rẹ̀. 60 èèyàn, àyè mẹ́ta: 60 pín sí 4 jẹ́ 15, ó di 16. Ẹni tó bá ti ní 16 ti wọlé.

Bí Adé bá ní 24, èlé 8 wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò nílò. Wọn ò ní jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n á wo ipò kejì lórí gbogbo 24, wọ́n á sì pín 8 gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Tí 15 bá kọ Bísí tí 9 kọ Káyọ̀dé, Bísí gba 5, Káyọ̀dé gba 3. Ní Ireland, ìwé gidi ni wọ́n ń mú láti orí òkìtì náà gbé lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po gbogbo ìwé pọ̀ dáadáa kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Ní Scotland, kọ̀ǹpútà ló ń kà á, gbogbo ìwé ló sì ń lọ, pẹ̀lú ìdá kékeré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó ń fi ọwọ́ kà, ẹ lo ti Ireland.

Ìlànà tó ní àyè púpọ̀ yìí ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gbà wọ ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise lọ́dún 2004. Lọ́dún 2007 ó di méyọ̀ níbẹ̀, èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní gbogbo Ireland. Olùdíje tí agbo rẹ̀ kéré kò nílò kí ìlú pátá fẹ́ ẹ. Ó nílò ìpín kan tó dúró ṣinṣin, àti ipò kejì àti ìkẹta látọwọ́ àwọn tí kì í ṣe agbo rẹ̀. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn àwọn tó ti ní ẹni tiwọn, kó sì bẹ̀ wọ́n fún ipò kejì.

Ohun tó ń ṣe sí ìdìbò gan-an

Maine mú ìlànà yìí lọ́dún 2016. Lára ohun tó fà á ni pé lọ́dún 2010, Paul LePage di gómìnà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò tó ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí àwọn tí kò fẹ́ ẹ pín ìbò wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó jọni lójú ni pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò jẹ́ kí wọ́n lò ó fún ìdìbò gómìnà ti oṣù kọkànlá títí di ìsinsìnyí. Ìdìbò abẹ́lé àti ti ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń lò ó fún. Lọ́dún 2018, Bruce Poliquin ló ṣáájú nínú ìdíje sílé aṣòfin àpapọ̀ pẹ̀lú 134,184, Jared Golden ní 132,013. Wọ́n yọ àwọn olùdíje méjì tó kù lẹ́ẹ̀kan náà, Golden sì wọlé pẹ̀lú 142,440 sí 138,931. Poliquin lọ sílé ẹjọ́, adájọ́ kò sì dá a láre.

Ní New York, ó yí bí àwọn olùdíje ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ padà. Ní ìdìbò abẹ́lé ọdún 2025, Zohran Mamdani àti Brad Lander, tí àwọn méjèèjì ń du ipò méyọ̀, jáde papọ̀, wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ wọn fi ẹnì kejì sí ipò kejì. Mamdani ló wọlé. Ti ọdún 2021 kọ́ni ní nǹkan mìíràn. Ní June 29, àjọ tó ń bójú tó ìdìbò ìlú náà gbé èsì jáde, ó sì gbà á padà lọ́jọ́ náà, nítorí nǹkan bí 135,000 ìwé tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Eric Adams fi 7,197 ju Kathryn Garcia lọ, bẹ́ẹ̀ 140,202 ìwé ló ti tán kí wọ́n tó dé ìpele ìkẹyìn. Ìwé tó tán pọ̀ ju àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì lọ ní ìlọ́po 19. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìdìbò gbọ́dọ̀ máa sọ èyí síta: kíkọ orúkọ kan tàbí méjì nìkan ní ìdíje elérò púpọ̀ ń ná èèyàn ní nǹkan.

Ibi tí ìlànà yìí ti ní àbùkù gidi ni Alaska. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nínú ìdíje sílé aṣòfin àpapọ̀, Mary Peltola ní 75,799, Sarah Palin 58,973, Nick Begich 53,810. Wọ́n yọ Begich. 27,053 nínú ìbò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Palin, 15,467 sọ́dọ̀ Peltola, 11,290 tán. Peltola wọlé pẹ̀lú 91,266 sí 86,026. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ìwé náà wò, wọ́n rí i pé ká ní Begich nìkan ló kojú Peltola, Begich ni ì bá wọlé. Ká ní òun nìkan ló kojú Palin, òun náà ni. Ẹni tó lè ṣẹ́gun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, nítorí pé òun ni ẹnì kejì ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ àwọn tó fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ kéré. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀, irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ ní Burlington ní Vermont lọ́dún 2009. A fara mọ́ ìdìbò onípò, a sì rò pé ẹni tó ń polówó rẹ̀ láìsọ èyí kò ṣe òótọ́ sí àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá fẹ́ lò ó ní Nàìjíríà

Wàhálà àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ olùdìbò, ibi àkójọ èsì ló wà. Ní Nàìjíríà, ibùdó ìdìbò ni wọ́n ti ń ka ìbò, wọ́n á kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù EC8A, aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì lẹ ẹ̀dà èsì mọ́ ibẹ̀. 176,846 ibùdó ló wà nígbà ìdìbò ọdún 2023. Láti ibẹ̀, àròpọ̀ ni gbogbo nǹkan. Ìdìbò onípò kò ṣeé rò pọ̀ báyẹn. Ibùdó kan ò lè mọ ẹni tí wọ́n máa yọ, torí èsì gbogbo orílẹ̀-èdè ló máa pinnu rẹ̀. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù ibùdó gbọ́dọ̀ sọ iye ìwé tó to orúkọ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Olùdíje 18 ló du ipò ààrẹ lọ́dún 2023. Kódà bí òfin bá ní ipò mẹ́ta péré ni kí olùdìbò kọ, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà tò wọ́n jẹ́ 5,220. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo ìwé lọ síbì kan, tàbí kí wọ́n máa padà pe ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ti rí bí wọ́n ṣe ń já àpótí ìbò gbà sì mọ ohun tí ìyẹn lè dà.

Ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀ láìséwu ni ìdìbò inú ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ máa ń ṣe. Gbogbo wọn ló ń jókòó sí gbọ̀ngàn kan, ìwé wọn kì í ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ, gbogbo páálí sì lè wà lórí tábìlì níwájú kámẹ́rà látìgbà tí wọ́n bá ti pín in dé ìgbà tí wọ́n máa kéde ẹni tó wọlé.